Síróọ̀mù ehoro mọ purotéènì Aeromonas, àmọ́ kò mú bakitéríà náà fúnra rẹ̀. Níbo ló ti yà?

OmiTútù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Ọ̀rọ̀ àńtíbọ́dì ni mo gbé wá, ohun inú síróọ̀mù (omi tó ṣẹ́kù lára ẹ̀jẹ̀ tó ti dì) tó ń gbá ohun àjèjì mú.

Purotéènì kan láti awọ ìta Aeromonas hydrophila, bakitéríà tó ń pa ẹja, ni, nǹkan bí 36 kDa (òṣùwọ̀n bí purotéènì ṣe tóbi tó), ìdílé OmpA. Inú E. coli BL21 la ti ṣe é, pẹ̀lú ìrù His mẹ́fà tí nickel máa ń dì mú. Ó ṣù jọ sínú sẹ́ẹ̀lì ni, nítorí náà yúríà 8 M la fi tú u, a wá fi nickel fà á yọ. Lójú jẹ́ẹ̀lì, ó mọ́ tó 95%.

Ehoro méjì ló gbà á. Mílígíráàmù 1 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú complete Freund's (epo tó ru bakitéríà òkú láti jí ara) lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 500 µg pẹ̀lú incomplete (tí kò ní bakitéríà òkú) ní ọjọ́ 21 àti ọjọ́ 42, a sì gba ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ 52. Ohun tó jáde nìyí:

ELISA (àyẹ̀wò inú pléètì tó ń yí àwọ̀ bí àńtíbọ́dì bá wà) lórí purotéènì yẹn: ó ṣì ń yí àwọ̀ bí a bá bomi la síróọ̀mù dé 1:64,000.
Ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ òdo, kí abẹ́rẹ́ kankan tó wọlé: 1:800.
Western blot (a fi jẹ́ẹ̀lì pín purotéènì bí wọ́n ṣe tóbi tó, a wá fi síróọ̀mù yẹ̀ wọ́n wò) lórí odindi A. hydrophila: ìlà 36 kDa wà, àmọ́ òmíràn tó nípọn wà ní 60 kDa. E. coli lásán tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ní ìlà 60 yẹn.
Agglutination (bí síróọ̀mù ṣe ń so bakitéríà pọ̀) pẹ̀lú bakitéríà tí fọ́múlíìnì pa: kò kọjá 1:8.

A tún fún ẹja àrọ̀ (Clarias gariepinus) ní 50 µg sínú ikùn lẹ́ẹ̀kan, láìsí epo, nínú omi 21°C. Ní ọjọ́ 14, ELISA kò rí àńtíbọ́dì kankan. Nígbà tí a fi bakitéríà ààyè gún wọn, 8 kú nínú 25 tó gba àjẹsára, 10 kú nínú 25 tí kò gbà. Ṣé purotéènì yìí ni kò dára, àbí ọwọ́ tí a fi mú un?

Abẹ́rẹ́Ehoro

Ẹ má tíì dá purotéènì lẹ́jọ́. ELISA yín kò purọ́, ohun tí ẹ bi í ló dáhùn. Purotéènì tí yúríà ti tú gbọọrọ bí okùn lẹ fi gún ehoro, òun kan náà lẹ tún fi tẹ́ ìsàlẹ̀ pléètì. Ó di dandan kí wọ́n mọ ara wọn. Èyí tó wà lára bakitéríà kì í ṣe okùn. Àgbá ni, ó ká ara rẹ̀ yípo sínú awọ ìta, ìwọ̀nba ibi díẹ̀ tó yọrí síta ni àńtíbọ́dì lè gbá mú. Ibi díẹ̀ yẹn gan-an, LPS (ṣúgà àti ọ̀rá ojú bakitéríà) tún hù bò ó bí koríko ṣe ń bo òkúta. Nínú Western blot, ọṣẹ SDS àti ooru ti tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ìdí tí ìlà fi hàn nìyẹn. Lára bakitéríà tó wà lódindi, kò sí ohun tó tú u.

Ẹ wá wo ìwọ̀n tí ẹ lò. Mílígíráàmù 1 ti pọ̀ jù. Bó bá mọ́ ní 95%, ìdá 5 tó kù jẹ́ 50 µg purotéènì E. coli, 50 µg sì tó ehoro ṣe àńtíbọ́dì tó lágbára. Àjẹsára méjì lẹ fún un láìmọ̀. 100 sí 200 µg ti tó fún àkọ́kọ́, 50 sí 100 µg fún àtúngbà, abẹ́ awọ, kí ẹ pín in sí ojú mẹ́rin tàbí márùn-ún. Complete Freund's kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹ̀ẹ̀kan, èyí tí ẹ ṣe tọ̀nà.

Ìlà 60 kDa yẹn, GroEL ni mo fura sí. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú bakitéríà ni kó ran purotéènì yòókù lọ́wọ́ láti ká ara wọn, nítorí náà purotéènì tí kò ká dáadáa bíi tiyín ni yóò lẹ̀ mọ́ jù, a sì bá a gba orí nickel kọjá. GroEL E. coli àti ti Aeromonas jọra gan-an. Mycobacterium òkú inú complete Freund's náà ní tirẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ehoro yín fi pàdé rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa fọ síróọ̀mù náà nìyí. Ẹ gbin BL21 tó ru plasmid òfìfo (òrùka DNA tí kò ní purotéènì yín), kí ẹ fún un ní IPTG, oògùn tó ń jí plasmid ṣiṣẹ́, bí ẹ ṣe fún tàkọ́kọ́. Ẹ fi centrifuge kó o jọ, ẹ pò ó mọ́ omi oníyọ̀, kí ẹ da ásítóònù −20°C lé e, ìlọ́po mẹ́rin, kó wà lórí yìnyín fún 30 ìṣẹ́jú. Ẹ yí i ní 10,000 g fún ìṣẹ́jú 10, ẹ fi ásítóònù tútù fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ tẹ́ ẹ sórí bébà ajọ̀ kó gbẹ, kí ẹ wá lọ̀ ọ́ kúnná. Mílígíráàmù 10 lẹ máa bù sí mílílítà 1 síróọ̀mù. Kó máa yí díẹ̀díẹ̀ ní 4°C mọ́jú, kí ẹ tún yí i ní 10,000 g, kí ẹ mú omi òkè. Ẹ tún un ṣe títí E. coli lásán kò fi ní ìlà kankan mọ́ lórí blot. Ẹ̀ẹ̀mejì sábà máa ń tó.

Ẹ tún fi purotéènì mìíràn tó ní ìrù His, tí kò bá tiyín tan rárá, tẹ́ pléètì kan. Bí àwọ̀ bá yọ níbẹ̀, ìrù His tàbí ìdọ̀tí E. coli ló wà nínú 64,000 yín.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò gba ju wákàtí méjì lọ. Ẹ gbé purotéènì yín lé orí jẹ́ẹ̀lì SDS-PAGE lẹ́ẹ̀mejì: èyí tí ẹ sè ní 95°C fún ìṣẹ́jú 5, àti èyí tí ẹ kò sè rárá. Ìdílé OmpA tó bá ká dáadáa máa ń sáré ju ti sísè lọ nínú jẹ́ẹ̀lì. OmpA ti E. coli máa ń wà ní nǹkan bí 30 kDa bí a kò bá sè é, a sì wà ní 35 bí a bá sè é. Bí méjèèjì bá wà lójú kan náà, okùn ṣì ni.

ÌyáPléètì

Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́Ehoro ti sọ èyí tó wúwo jù. Mo kàn fẹ́ kí OmiTútù mọ̀ pé fífọ síróọ̀mù pẹ̀lú E. coli kò ní sọ agglutination di 1:512. Ìlà 60 ni yóò pa rẹ́. Èyí tó ń so bakitéríà odindi pọ̀ nínú omi, àńtíbọ́dì sí LPS ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, purotéènì yín kò sì ní LPS Aeromonas lára. 1:8 kò yẹ kó yà yín lẹ́nu.

Ọjọ́ òdo tó jẹ́ 1:800: inú ehoro kún fún bakitéríà Gram-negative, àwọn purotéènì tó jọra wà lára wọn. Kò sí ehoro tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣófo. Ohun tó yẹ ni kí ẹ ti gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára mẹ́fà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi blot yẹ̀ ẹ́ wò ní 1:100, kí ẹ mú méjì tí ìlà tiwọn rọ̀ jù. Ní báyìí, ẹ fi ọjọ́ òdo ehoro kọ̀ọ̀kan ṣe òdiwọ̀n ara rẹ̀: ihò mẹ́jọ, kí ẹ gba ìpíndọ́gba OD wọn (bí àwọ̀ ṣe jinlẹ̀ tó), kí ẹ fi ìlọ́po mẹ́ta standard deviation kún un. Ìbomilà tó gbẹ̀yìn tó ṣì wà lókè ibẹ̀ ni titre. Síróọ̀mù ehoro mìíràn kò lè ṣe ọjọ́ òdo fún tiyín.

Fún ẹni tó bá ń fi Aeromonas salmonicida ṣe irú iṣẹ́ yìí, ìdẹkùn mìíràn wà níbẹ̀. A-layer rẹ̀ (ìpele tó bo òde rẹ̀), purotéènì VapA tó wà ní nǹkan bí 50 kDa, máa ń so mọ́ immunoglobulin (àńtíbọ́dì) fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ehoro rí i rí. Ọjọ́ òdo á tàn, ti ọjọ́ 52 á tàn, ẹ ó máa yọ̀ lórí asán.

Agglutination fúnra rẹ̀, bí ojú ṣe ń kà á ṣe pàtàkì. Pléètì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bíi U ni kí ẹ lò. 50 µl síróọ̀mù tí ẹ ń bomi là ní ìlọ́po méjì-méjì, 50 µl bakitéríà tó tó 10⁹ nínú mílílítà. Wákàtí 2 ní 25°C, lẹ́yìn náà 4°C mọ́jú. Ihò tí kò ní àńtíbọ́dì, bakitéríà á yọ̀ wá sílẹ̀, á di ojú kan ṣoṣo funfun kékeré ní àárín gbùngbùn bí orí abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá dá pléètì nà díẹ̀, ojú yẹn á ṣàn sísàlẹ̀ bí omijé. Ihò tó ní àńtíbọ́dì, yóò tẹ́ bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo gbogbo ìsàlẹ̀, etí rẹ̀ á rí wúruwùru, kò sì ní ṣàn. Ẹ má ṣe gbàgbé ihò tó jẹ́ omi oníyọ̀ àti bakitéríà nìkan. Àwọn ẹ̀yà A. hydrophila kan tó ní S-layer (ìpele purotéènì tó bo òde) máa ń so ara wọn pọ̀ láìsí ẹnikẹ́ni.

Èyí tó bá ìbéèrè yín mu jù ni ELISA odindi sẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi poly-L-lysine 10 µg/ml tẹ́ pléètì fún wákàtí 1, ẹ bu bakitéríà 10⁸ nínú mílílítà sí i, 100 µl, 4°C mọ́jú. Ẹ fọwọ́ pẹ̀lẹ́ fọ̀ ọ́ kí ó má bàa ṣí kúrò. Lẹ́yìn náà BSA 3% (purotéènì tó ń dí àyè òfìfo), síróọ̀mù láti 1:100. Ẹ ṣe ìlà kejì pẹ̀lú bakitéríà tí ẹ sè ní 95°C. Bí ti sísè bá tàn tí ti tútù kò tàn, ọ̀rọ̀ àgbá àti okùn ti di òótọ́ nìyẹn.

Ohun kékeré kan tó ń ba síróọ̀mù ẹja jẹ́: 56°C fún 30 ìṣẹ́jú dára fún ti ehoro láti pa complement (àwọn purotéènì ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àńtíbọ́dì pa bakitéríà). Ti ẹja, 45°C fún 30 ìṣẹ́jú ti tó. Complement ẹja kò lè fara da ooru bíi ti ẹran, àmọ́ IgM rẹ̀, irú àńtíbọ́dì tó ní, náà kò fẹ́ràn 56. Ẹni tó bá lo òṣùwọ̀n ehoro fún ẹja lè pa ohun tó ń wá.

OmiTútù

Ẹ ṣé gan-an. Èmi gan-an lo 56 fún síróọ̀mù ẹja. Ta ló lè bá mi wo apá ẹja náà?

ẸlẹjaÀrọ̀

56°C jẹ́ ìdá kan, àmọ́ kì í ṣe òun ni olórí. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ kánjúkánjú.

Ìgbóná omi ló ń ṣàkóso bí ara ẹja ṣe ń dáhùn, ìdí tí a fi ń ka ọjọ́ pọ̀ mọ́ ìgbóná nìyẹn. Ọjọ́ 14 nínú omi 21°C (14 × 21) jẹ́ 294. Nínú oko salmon, nǹkan bí 500 ni wọ́n máa ń dúró dé lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó gbà pé àjẹsára ti múlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi wà ní 27°C, Clarias fẹ́ràn rẹ̀, ọjọ́ 28 á fún yín ní 756. Nínú ẹja àrọ̀ Amẹ́ríkà, Ictalurus punctatus, ó ti hàn pé bí òtútù bá dé nǹkan bí 17°C, T cell (sẹ́ẹ̀lì ààbò ara) tí kò tíì pàdé àńtíjìn (ohun àjèjì) rí kì í fẹ́ jí mọ́. B cell, tó ń ṣe àńtíbọ́dì, ń gbìyànjú, àmọ́ purotéènì lásán nílò ìrànlọ́wọ́ T cell. LPS kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Ìdí kan nìyẹn tí odindi bakitéríà òkú fi ń ṣiṣẹ́ nínú ẹja níbi tí purotéènì tó mọ́ tónítóní ti ń sùn.

Ẹ má sì retí kí ẹja ṣe bí ehoro. Kò ní mùdùnmúdùn eegun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Iwájú kíndìnrín ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ọlọ inú sì ń ràn án lọ́wọ́. IgM mẹ́rin tó so pọ̀ ni àńtíbọ́dì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò ní IgG tí yóò yí sí. Abẹ́rẹ́ àtúngbà lára ehoro máa ń mú kí àńtíbọ́dì gbá nǹkan mú le sí i lọ́nà tó hàn. Lára ẹja, iye rẹ̀ ló ń pọ̀, agbára ìdìmú kò fi bẹ́ẹ̀ gòkè. Titre 1:256 lára ẹja lè jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Èyí tí a ń pè ní IgT, tí a kọ́kọ́ rí ní 2005, ìfun àti awọ ló ti ń ṣiṣẹ́ jù, kì í pọ̀ nínú síróọ̀mù.

Secondary (àńtíbọ́dì kejì tó ń mú ti ẹja kí àwọ̀ lè yọ) wo lẹ lò? Anti-IgM tí wọ́n ṣe sí trout tàbí Ictalurus lè má mú Clarias rárá. Ẹ fi síróọ̀mù Clarias lásán ní 1:500 tẹ́ ihò díẹ̀, kí ẹ da secondary lé e tààrà. Bí kò bá yí àwọ̀, òdo tí ẹ rí lọ́jọ́ 14 kò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Epo ńkọ́? 50 µg purotéènì nínú omi oníyọ̀ lásán á túká kí ara ẹja tó fiyè sí i. Ẹ pò ó mọ́ epo àjẹsára ẹja, bí irú Montanide ISA 763A tí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ epo 70 sí àńtíjìn 30. Ẹ kán ẹ̀kán kan sójú omi tútù: bó bá dúró bí ìlẹ̀kẹ̀ funfun, ó ti pò, bó bá túká bí mílíìkì, ẹ padà sídìí ìpò. Freund's lára ẹja ń lẹ ìfun mọ́ ara ikùn jù, ẹ yẹra fún un. Ẹja kò gbọ́dọ̀ jẹun fún wákàtí 24 ṣáájú. 0.1 ml, abẹ́rẹ́ 25G, síwájú lẹ́bẹ́ ikùn díẹ̀, kí orí abẹ́rẹ́ kàn gba ara ikùn kọjá. Bó bá wọlé jù, inú ìfun ló bọ́ sí.

Ìṣirò ikú yín wá. 10 nínú 25 jẹ́ 40%, 8 jẹ́ 32%. RPS (ìdá ikú tí àjẹsára dínkù) = (1 − 32/40) × 100, èyí tó jẹ́ 20. Ẹja méjì péré ló mú 20 yẹn wá, táǹkì kan ṣoṣo ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, n kò lè pè é ní èsì. Òdiwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀lé láti 1981 ni pé kí ó kéré tán 60% nínú àwọn tí kò gba àjẹsára kú, kí RPS sì tó 60. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹja díẹ̀ wá iye bakitéríà tó ń pa 60 sí 70%, kí ẹ wá lo táǹkì mẹ́ta-mẹ́ta. Èyíkéyìí tó bá kú, ẹ fi lúùpù gbin iwájú kíndìnrín rẹ̀ sórí agar, kí ẹ lè mọ̀ pé A. hydrophila ló pa á, kì í ṣe omi búburú.

Olóró

Mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Kí nìdí tí ẹ fi so gbogbo ìrètí mọ́ purotéènì awọ ìta? Oró ló ń ya ẹran ara ẹja. Aerolysin ń jáde gẹ́gẹ́ bí proaerolysin, nǹkan bí 52 kDa, kò tíì ní agbára. Protease bíi trypsin á gé ìdí rẹ̀ kúrò, méje á so pọ̀ di òrùka, òrùka náà á lu awọ sẹ́ẹ̀lì. Àńtíbọ́dì sí oró kò nílò kó wọ abẹ́ LPS. Inú omi ara ló ti ń bá a pàdé.

Àyẹ̀wò rẹ̀ tún ṣeé fojú rí. Ẹ kọ́kọ́ wá ìwọ̀n oró tó kéré jù tó ń tú gbogbo sẹ́ẹ̀lì pupa 1% nínú PBS láàrin wákàtí 1 ní 37°C. Ẹ bu ìlọ́po méjì ìwọ̀n yẹn pọ̀ mọ́ síróọ̀mù tí ẹ ti bomi là ní onírúurú, 30 ìṣẹ́jú, kí sẹ́ẹ̀lì pupa tó wọlé. Ihò tí síróọ̀mù ti borí, sẹ́ẹ̀lì á sọ̀kalẹ̀ di ojú pupa, omi òkè á mọ́ gaara. Ihò tí oró ti borí, gbogbo omi á pọ́n bí omi osùn. Ẹ fi síróọ̀mù ọjọ́ òdo ṣe ìlà kan, torí ọ̀rá inú síróọ̀mù nìkan náà lè dí oró lọ́wọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi oró ṣe àjẹsára, fọ́múlíìnì 0.4% ní 37°C, kí ẹ máa dán an wò lójoojúmọ́ títí kò fi tú sẹ́ẹ̀lì mọ́, kí ẹ sì dialyse rẹ̀ (fi í sínú àpò awọ tí nǹkan kéékèèké ń gbà jáde) kí fọ́múlíìnì lè kúrò. Bó bá pẹ́ jù nínú fọ́múlíìnì, lysine ara rẹ̀ á so pọ̀ mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí àńtíbọ́dì tó yọ kò ní mọ oró ààyè.

ÌyáPléètì

Olóró sọ òótọ́, àmọ́ A. hydrophila kò ní oró kan ṣoṣo. Ẹ̀yà tó bá ní hemolysin mìíràn á ṣì máa tú sẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn tí ẹ ti dí aerolysin. Ẹ lo oró tó mọ́ fún àyẹ̀wò yẹn, ẹ má lo omi tí bakitéríà gbé nínú rẹ̀.

Ohun kan tún kù lórí awọ ìta. Bakitéríà tó wà nínú ẹja kì í rí irin tó tó, nítorí náà ó ń gbé purotéènì tó ń wá irin síta, èyí tí kì í ṣe nínú omi-ẹran ọlọ́ràá. Ẹ fi 2,2′-dipyridyl 100 µM, tó ń dì irin mú, sí omi-ẹran kí ẹ tó gbin èyí tí ẹ máa fi tẹ́ pléètì. Síróọ̀mù ẹja tó yè lẹ́yìn àìsàn á fi ìlà hàn yín nínú rẹ̀ tí kò sí lára èyí tó jẹun yó.

OmiTútù

Jẹ́ẹ̀lì ti jáde. Sísè àti àìsè, 36 ni méjèèjì.

Abẹ́rẹ́Ehoro

Okùn ni, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rò. Ẹ má fi dialysis lásán yọ yúríà, yóò tún ṣù ni, torí inú ọ̀rá ló yẹ kó wà. Ẹ máa kán an lọ́kọ̀ọ̀kan sínú bọ́fà Tris pH 9 tó ní ọṣẹ LDAO 0.5%, ìlọ́po 20, kó máa yí mọ́jú ní 25°C. Lọ́jọ́ kejì, ẹ yí i ní 20,000 g kí èyí tó ṣù lè lọ sísàlẹ̀, kí ẹ tún gbé omi òkè sórí jẹ́ẹ̀lì láìsè é. Ìgbà tí ẹ bá rí i tó sáré dé nǹkan bí 30, ẹ dialyse rẹ̀ dé LDAO 0.05%, ẹ má ṣe jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju ìyẹn lọ kó má bàa tún tú. 100 µg fún ehoro tuntun. Àwọn méjì ìṣáájú ti mọ okùn jù, ẹ fi síróọ̀mù wọn ṣe Western blot.